Adéoyè Lámbò, Oníṣègùn tí Ó Sọ Abúlé Di Ilé Ìwòsàn

Kábíyèsí, Ìbà Kìṣí, ẹ̀yin ará Kìṣí àti ti Ìrẹ́pọ̀ lápapọ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé oníṣègùn kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídá aláìsàn padà sáàárín ènìyàn.

Nígbà tí àìsàn ńlá bá kọ lu ènìyàn, ohun kan ṣoṣo tí àwa ará ilé máa ń bẹ oníṣègùn fún ni pé kí ó má jẹ́ kí àìsàn náà gbé e lọ. Bí aláìsàn bá sì yè, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó se oúnjẹ fún àwọn tí ó wá bá wa yọ̀, oníṣègùn yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, láìrántí pé ìdajì iṣẹ́, ìdajì tí ó wúwo jù, ṣì wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó jábọ́ lórí igi igbá, tí eegun itan rẹ̀ ti jinná ṣùgbọ́n tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè mọ́. Ìyá tí ń ṣe òrí tà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ṣubú, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ dàrú nígbà kan, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ wàyí, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún, tí kò sì sí baba tí yóò fi ọmọ fún un: gbogbo wọn ni oníṣègùn ti wí pé ara wọn ti yá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tíì padà sí àyè rẹ̀. Àti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, kí ó tún di ẹni tí a ń rán níṣẹ́, tí a ń bá gbèrò, tí a ń retí lóko àti lọ́jà, kì í ṣe àánú lásán; iṣẹ́ ìṣègùn ni, ó ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó sì ní àwọn akọni tirẹ̀.

Ogun ni ó la ojú ayé sí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 1944, dókítà kan tí ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì nítorí inúnibíni Hitler ní 1939, ṣí ibi ìtọ́jú kan sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, irú wọn kì í pẹ́ kú, nítorí egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn inú àpò ìtọ̀. Ṣùgbọ́n Guttmann ní kí a máa yí wọn padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì tọ̀sán-tòru, kí a kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, kí a sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣeré ìdárayá, títí ó fi di ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ọjọ́ gan-an tí a ṣí eré Òlíḿpíìkì ní London, tí ènìyàn 16 jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà tí wọ́n sì ta ọfà, èyí tí ó bí eré Paralympic tí gbogbo ayé ń wò lónìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ogun kan náà ni ó bí ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, níbi tí a ti kọ́kọ́ tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Òun náà ni ó sì sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, di ibi tí a ń kó àwọn ọmọ ogun wa sí ní 1944, àwọn tí ó ti ojú ogun dé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà ara wọn, ṣùgbọ́n tí orí wọn kò bá wọn dé.

Ti Lántòrò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ya sọ́dọ̀ ẹni tí a ń wí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, a ó ṣàánú rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, a ó bẹ̀rù rẹ̀, a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilé rẹ̀ yóò sì máa fi ojú pamọ́. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bí a bá rí oníṣègùn tí ó lè dá irú ẹni yìí padà sáàárín ẹbí àti ará, tí ó sì lè mú kí abúlé kan gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, mo gbà pé ó ti ṣe èyí tí ó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923 ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò ní Abẹ́òkúta, nísàlẹ̀ Olúmọ, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School nílùú rẹ̀, ó rékọjá òkun lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì Birmingham, ó gboyè ní 1948, ó sì padà wá sílé ní 1950 láti ṣe dókítà ìjọba. Kò pẹ́ tí ó tún fi padà lọ sí London, sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà pẹ̀lú ilé ìwòsàn Maudsley, láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ, ẹ̀kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kankan kò tíì kọ́ yanjú ṣáájú rẹ̀. Ní 1954 ni ó gba àkóso ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ lọ́wọ́ sí Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ni.

Kí a tó mọ iyì ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó bá nílẹ̀. Láti 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ilé kan sílẹ̀ ní Yaba fún àwọn tí orí wọn dàrú, ṣùgbọ́n ilé ìhámọ́ ni ó jẹ́ ní tòótọ́: a kó wọn síbẹ̀ kí ìgboro lè rójú, ogiri ga, ilẹ̀kùn le, dókítà kì í wọ́pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ni ó pọ̀. Òfin tí ó de ọ̀rọ̀ wọn, òfin ọdún 1916, ohun tí ó kà sí jù ni bí a óò ti mú ẹni náà àti bí a óò ti há a mọ́. Ẹ má ṣe rò pé èmi ń fi èyí bú òyìnbó nìkan o. Lábẹ́lé tiwa náà, a mọ ṣẹkẹṣẹkẹ̀, a mọ pàṣán, a mọ igi ńlá tí a ń lu ihò sí láti fi ti ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́lẹ̀, a sì mọ ilé oníṣègùn tí aláìsàn ń wọ̀ tí ó ń pẹ́ ọdún púpọ̀ kí ó tó jáde.

Nígbà tí Lámbò dé Àrò, ilé kò tíì parí. Àwọn yàrá tí aláìsàn yóò máa sùn sí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ wọn, àwọn aláìsàn kò sì lè dúró de bíríkìlà. Ẹlòmíràn ìbá kọ̀wé sí ìjọba, ìbá sì jókòó ti ìwé náà. Lámbò lọ bá àwọn baálẹ̀ àti àwọn onílé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, ó jókòó tì wọ́n, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yàrá há àwọn aláìsàn rẹ̀. Àdéhùn náà lọ báyìí: aláìsàn kankan kò gbọdọ̀ dá wá, ìyá tàbí bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ọkọ tàbí ìyàwó, ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó bá a gbé yàrá náà, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, kí ó sì mú un padà wá sí abúlé lọ́sàn-án. Onílé yóò gba owó yàrá. Ilé ìwòsàn yóò yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kún ilé wọn, yóò bá wọn wá omi tí ó mọ́, yóò bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn, yóò sì fi nọ́ọ̀sì sí abúlé tí yóò máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àdéhùn yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ọkùnrin náà wà. Ẹni tí a bá há mọ́ inú ilé ńlá, tí a fún ní aṣọ ilé ìwòsàn, tí agogo ń sọ fún ìgbà tí yóò jẹun àti ìgbà tí yóò sùn, kò ní pẹ́ gbàgbé bí a ti ń ṣe ọmọ ènìyàn láàárín ọmọ ènìyàn. Bí àrùn rẹ̀ tilẹ̀ lọ, àìsàn mìíràn, àìsàn àjèjì, ti wọlé sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí láàárọ̀ tí ó gbọ́ ìró odó, tí ọmọ onílé wá kúnlẹ̀ kí i, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu ẹ̀kọ fún un, tí ó gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn lọ́wọ́ dókítà tán tí ó tún padà wá bá wọn ta ayò lábẹ́ igi, kò kúrò láyé rí. Kò ní sí ọjọ́ kan tí a óò wí pé ó tó wàyí láti máa kọ́ ọ bí a ti ń padà sílé. Ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú rí ìwòsàn náà bí ó ti ń lọ, ojú wọn ni orí aláìsàn ṣe wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn wọn, wọn kò sì ní fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará abúlé, tí ó jẹ́ àjèjì sí ọ̀rọ̀ náà, wá mọ̀ pé aláìsàn orí kì í ṣe ẹranko. Ní ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, láti ayébáyé ni àwọn onílé ti ń gba irú àwọn aláìsàn yìí sí ọ̀dọ̀, iṣẹ́ tí ó dára púpọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ní Geel, àlejò ni aláìsàn nínú ẹbí ẹlòmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Àrò, ẹbí tirẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e wá. Mo gbà pé ti Lámbò jinlẹ̀ jù.

Ìgbà náà sì dára fún un. Chlorpromazine, oògùn àrùn ọpọlọ tí ó kọ́kọ́ fara hàn ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 1952, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ká ayé. Àwọn onímọ̀ òyìnbó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé inú gbòǹgbò irú igi tí àwa ń pè ní asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ti ń lò fún wèrè láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni oògùn reserpine wà. Lámbò kò fi ojú tín-ínrín wo ẹnikẹ́ni nínú àwọn olóògùn méjèèjì. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí Àrò, ó fi wọ́n ṣe òṣìṣẹ́; kì í ṣe pé ó fi abẹ́rẹ́ lé wọn lọ́wọ́, bí kò ṣe pé wọ́n ń bá a darí eré, ijó, ìpàdé àti ayẹyẹ àwọn aláìsàn ní abúlé, wọ́n sì ń sọ fún un ohun tí dókítà tí ó kàwé ní Birmingham kò lè mọ̀: ẹ̀rù ta ni ó ń ba aláìsàn, èèwọ̀ wo ni ó rò pé òun jẹ, ìjà ilé wo ni ó ṣẹlẹ̀ kí orí tó dàrú. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wí lórí èyí, wọ́n ní ó ń fi iyì oyè ìṣègùn wọ́lẹ̀. Èmi kò rí bí a ti lè wo ọkàn ènìyàn sàn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ọkàn náà gbà gbọ́. Ojú àlejò a máa tóbi, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran.

Òkìkí Àrò kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Lámbò pe àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà àti láti ẹ̀yìn òkun sí Abẹ́òkúta, ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ adúláwọ̀, ọdún kan péré lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Tigani el-Mahi ti ilẹ̀ Sudan, tí òun náà ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, jẹ́ alájọṣe rẹ̀ lórí èrò yìí. Ní Senegal, Henri Collomb ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn Fann ní Dakar fún ẹbí aláìsàn. Ní àkókò kan náà, Lámbò àti Alexander Leighton ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ń rìn láti abúlé dé abúlé láyìíká Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí ọkàn wọn ti rí, wọ́n sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1963, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó fi ẹ̀rí hàn pé àrùn ọpọlọ tí ń ṣe òyìnbó ń ṣe Yorùbá, àti pé irọ́ ni àwọn tí ń sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò tó èyí tí ìrònú lè bá jà. Àrùn tí ń ṣe ogójì ni ó ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún.

Oyè tí ó tẹ̀ lé e kò ní kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, Dókítà Tọ́lání Àsúní sì gba Àrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní 1966, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ní àárín ogun abẹ́lé. Ní 1971 ni àjọ ìlera àgbáyé pè é lọ sí Geneva, láti 1973 títí di 1988 ni ó sì fi jẹ́ igbákejì olùdarí àgbà níbẹ̀, lábẹ́ Halfdan Mahler. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kíyè sí, nítorí inú rẹ̀, ní 1978, ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Alma-Ata tí wọ́n fẹnu kò pé ìlera gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé àti àdúgbò, tí wọ́n sì dárúkọ oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ àwọn tí a lè bá ṣe é. Ohun tí Abẹ́òkúta ti ń ṣe láti 1954 ni ayé wá jókòó sọ di àdéhùn.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Àjọ ìlera àgbáyé kan náà ṣe ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé, Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan, London, Moscow àti Washington sì wà níbẹ̀. Wọ́n tọ àwọn tí àrùn ọpọlọ tí ń jẹ́ schizophrenia kọ lù lẹ́yìn. Nígbà tí ọdún méjì pé, àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn àti ní Agra ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe dáadáa ju àwọn tí ó wà ní àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní. Ní tèmi, mo fi ọwọ́ sí apá àwọn tí ó ní agbo ilé ni.

Ṣùgbọ́n èmi kò wá síbí láti kí Lámbò bí ẹni ń kí òrìṣà. Ètò abúlé náà ní gbèsè nínú, obìnrin ni ó sì ń san án jù. Ìyá tí ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Àrò ti fi oko sílẹ̀, ó ti fi ọjà sílẹ̀, ó ti fi àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. A kò sì kà á mọ́ owó ìtọ́jú. Bákan náà ni a kò gbọdọ̀ fi orúkọ Lámbò bo ẹni tí ń na aláìsàn ní pàṣán mọ́lẹ̀ kí a wí pé ìṣègùn ìbílẹ̀ ni: ìmọ̀ àwọn oníṣègùn ni ó mú, kò mú ẹgba wọn. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni pé ilẹ̀ tí a ti bí ọgbọ́n yìí ni ó ní sùúrù láti máa lo òfin tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ti ọdún 1916 títí di oṣù kìíní ọdún 2023, tí ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Lámbò ti kú láti ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004.

Wàyí o, Kábíyèsí, kí ni èyí jẹ́ ti Kìṣí? Àwa tí a wà ní etí ọ̀dàn, tí igbó Ọ̀yọ́-Ilé jẹ́ ará ilé wa, mọ bí ọ̀nà ti jìn tó. Ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú níbí yóò kọjá Ìgbòho, yóò kọjá Ṣàkì, yóò kọjá Ìṣẹ́yìn, kí ó tó rí Abẹ́òkúta. Bí ó bá sì rí ìwòsàn níbẹ̀ tí ó padà, oògùn rẹ̀ yóò tán láàárín oṣù méjì, owó ọkọ̀ yóò ṣòro, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú àti ti ẹni tí ara rẹ̀ rọ lápá kan. Síbẹ̀, ohun tí Lámbò wá lọ sí abúlé Àrò ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa: agbo ilé tí ó ní àyè, baálé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀, àti ìlú tí ó ti ń gba Fúlàní, Ìbàrìbá àti àgbẹ̀ àtìpó láti ọjọ́ pípẹ́ láìbéèrè ju orúkọ àti ibi tí wọ́n ti wá lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀wé sí Àrò àti sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn, kí wọ́n máa rán dókítà ọpọlọ kan àti ẹnì kan tí ó mọ bí a ti ń kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ rọ ní ìrìn wá sí Kìṣí ní ọjọ́ kan lóṣù. Kí a yan nọ́ọ̀sì méjì nínú àwọn ọmọ ìlú yìí, kí a rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ náà, kí oògùn sì máa wà lọ́wọ́ wọn. Kí a pe àwọn oníṣègùn wa àti àwọn tí ń to eegun jókòó, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ti kúrò nínú iṣẹ́ wọn. Kí a sì dá owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá tí yóò fi ọjà sílẹ̀ tọ́jú ọmọ rẹ̀. Àwọn tí yóò wá láti Ìgbẹ́tì àti láti àwọn abà wa yóò nílò ibi tí wọn óò wọ̀ sí pẹ̀lú ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá dìde níhìn-ín lónìí, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bá baálé kọ̀ọ̀kan sọ ni pé: ta ni yóò kọ́kọ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú agbo ilé rẹ̀?